Láti Àdúgbò dé Agbo Àgbáyé: Ìfàsẹ́yìn Ẹ̀ṣẹ́ Kíkàn ní Nàìjíríà àti Ọ̀nà Ìsọjí Rẹ̀ ní Ẹkùn Yewa

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá dárúkọ eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá lónìí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọkàn àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àgọ́sásà, ìlú tí kò jìnnà sí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù àti ti Madrid láìṣìnà. Ó ṣeé ṣe kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ má tíì gbọ́ orúkọ Nojeem Maiyegun rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, akànṣẹ́ ará Èkó yìí ni ó kọ́kọ́ gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì fún Nàìjíríà, ní Tokyo lọ́dún 1964. Nígbà tí ó jáde láyé ní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbọ́ ìròyìn náà ni ó jẹ́ pé ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà.

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ṣe gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, bí òkìkí rẹ̀ ṣe wálẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe kí ó lè sọjí. Èrò tí ó jẹ́ òpómúléró rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni ó tán lára àwọn ọ̀dọ́, kì í sì í ṣe ìfẹ́ eré náà ni ó kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ẹgbẹ́ àdúgbò tí ọmọdé fi ń gun òkè láti ìpele kan dé èkejì ni ó wó. Nítorí náà, ìsọjí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, láti orí ìjà ńlá olówó gọbọi, kò lè pẹ́ kí ó tó rọ. Ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní àdúgbò, àwọn olùkọ́ sì ni ó sún mọ́ ibẹ̀ jù lọ.

Ìjà Ìdárayá ní Àwùjọ Yorùbá

Kí àwọn òyìnbó tó mú ìbọ̀wọ́ awọ dé, Yorùbá ti mọ ìjà tí kì í ṣe ti ọ̀tá. Ẹkẹ mímú jẹ́ eré tí àwọn ọmọkùnrin fi ń dán agbára ara wọn wò ní ìgbà ọdún àti lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ìlú Ọ̀fà gbajúmọ̀ fún ìjàkadì débi pé ó wọ inú oríkì wọn. Ohun mẹ́ta ni ó mú kí irú eré bẹ́ẹ̀ dúró. Àkọ́kọ́ ni pé àdúgbò ni ó ni oníjà. Ẹni tí ó bá dá ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, agbo ilé rẹ̀ ni ó jẹ ògo náà. Èkejì ni pé ó ní òfin, àwọn àgbà sì ń mójú tó o. Ẹ̀kẹta ni pé ìlù àti orin wà níbẹ̀, tí tọmọdé tàgbà fi ń wá wòran.

Àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí ó tẹ̀lé e. Níbi tí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn bá ti rí wọn, ó gbilẹ̀. Níbi tí ó bá ti pàdánù wọn, ó rọ.

Ìgbà Ìgbilẹ̀: 1949 sí 1963

Ìjọba amúnisìn ni ó gbé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti ìgbàlódé wọlé. Ní Èkó, ó tàn kálẹ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ ọmọkùnrin, àwọn ológun àti àwọn ọlọ́pàá. Lọ́dún 1949, wọ́n dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni òfin kan ṣoṣo ti wà fún ìwọ̀n ara, fún rẹfirí àti fún oyè.

Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Èkó ni Okon Bassey Asuquo ti dìde. Creek Town lẹ́bàá Calabar ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1932, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti kọ́ ìjà, ibẹ̀ ni gbogbo ayé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n ní Hogan "Kid" Bassey. Nígbà tí yóò fi di 1952, ó ti wà ní Liverpool. Ní ọdún 1955, ó gba igbá orókè àwọn orílẹ̀-èdè abẹ́ àṣẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1957, ó borí Cherif Hamia ní Paris, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò di igbá orókè àgbáyé mú. Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀ṣẹ́ Bassey ni ẹ̀rí pé ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso lé lórí lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni láyé.

Richard Ihetu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dick Tiger, ni ó tẹ̀lé e. Ọmọ Amaigbo ni, Aba sì ni ó ti ń ta ìgò àlòkù kí ìjà tó gbé e dé Liverpool lọ́dún 1955. Ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí ó jà níbẹ̀ ni ó pàdánù, ṣùgbọ́n kò padà sẹ́yìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ó borí Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ní San Francisco, ó sì gba igbá orókè àgbáyé fún àwọn oníwọ̀n àárín.

Ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ní tirẹ̀. Rafiu King, ọmọ Èkó, dé ìlú Mexico lọ́dún 1963 láti bá Sugar Ramos jà fún igbá orókè àgbáyé. Kò borí, ṣùgbọ́n ó dúró títí abala ìjà fi parí.

Ìjà Ìbàdàn, 1963

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963 ni ọjọ́ tí òkìkí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn dé téńté ní Nàìjíríà. Ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, tí wọ́n sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ́dún 2010, Tiger àti Fullmer pàdé ní ìgbà kẹta. Ìjà kejì wọn ní Las Vegas ti parí sí ọ̀mì. Ní Ìbàdàn, lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò lè jáde mọ́. Kò tíì sí ìjà igbá orókè àgbáyé kankan ṣáájú èyí ní orílẹ̀-èdè aláwọ̀ dúdú tí ó ti gba òmìnira.

Àkókò wàhálà ni àkókò náà ní ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún kan ṣáájú ni wọ́n ti kéde ìjọba pàjáwìrì níbẹ̀, ẹjọ́ olórí alátakò sì wà ní kóòtù. Ìjọba ti ìjà náà lẹ́yìn nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ayé rí Nàìjíríà ní ọ̀nà mìíràn, ayé sì rí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí òpìtàn gbọ́dọ̀ bi ni èyí: kí ni ó kù nílẹ̀ nígbà tí àwọn òǹwòran lọ sílé? Ìjà yẹn nìkan ni ìjà igbá orókè àgbáyé tí Tiger jà nílé. Àwọn ìjà rẹ̀ yòókù fún oyè, òkè òkun ni. Ọmọ Nàìjíríà lè gbọ́ nípa akọni rẹ̀ lórí rédíò, kò lè rí i kí ó sì bá a jókòó, kí ó kọ́ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀. Òrùlé dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń fi bíríkì tuntun kún ìpìlẹ̀.

Àmì-Ẹ̀yẹ Mẹ́fà: 1964 sí 1996

Ohun tí ó mú kí eré náà tún lówó lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni pé Bassey padà wálé, ó sì di olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ Nàìjíríà. Òun ni ó kọ́ ẹgbẹ́ tí ó lọ sí Tokyo lọ́dún 1964, níbi tí Maiyegun ti gba idẹ. Lẹ́yìn náà ni Isaac Ikhouria gba idẹ ní Munich lọ́dún 1972. Peter Konyegwachie gba fàdákà ní Los Angeles lọ́dún 1984. Ní Barcelona lọ́dún 1992, David Izonritei àti Richard Igbineghu gba fàdákà kọ̀ọ̀kan. Duncan Dokiwari gba idẹ ní Atlanta lọ́dún 1996. Ṣáájú ọdún 1984, kò sí eré mìíràn tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì kankan fún Nàìjíríà. Níta Òlíḿpíìkì, Davidson Andeh gba wúrà àgbáyé ní Belgrade lọ́dún 1978 láàrin àwọn tí kì í jà gba owó.

Ọdún 1996 yìí jẹ́ oríta. Ní Atlanta kan náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ti na Argentina ní àmì-ayò 3 sí 2, tí wọ́n gba wúrà. Àwọn ènìyàn jó káàkiri ìgboro nítorí bọ́ọ̀lù. Àwọn tí ó rántí idẹ Dokiwari kò pọ̀. Láti ìgbà náà títí dé Paris 2024, Nàìjíríà kò tún gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíḿpíìkì nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn mọ́. Ní Rio lọ́dún 2016, Efe Ajagba nìkan ni akànṣẹ́ tí ó ṣojú orílẹ̀-èdè tí ó ti kó méjì wálé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Ohun tí ó fa Ìfàsẹ́yìn

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi gbogbo ru bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni pé láti àwọn ọdún 1990, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n orí sátẹ́láìtì mú bọ́ọ̀lù Yúróòpù wọ inú ilé àti ibùdó ìwòran, ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ṣí kúrò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò ṣẹ́gun nítorí pé ó dùn jù. Ó ṣẹ́gun nítorí pé ó rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méje lè gbá a ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀ṣẹ́ kíkàn nílò ẹni tí yóò kọ́ni, ibi tí a ó ti kọ́ ọ, àti ẹni tí yóò dá ìjà dúró kí ó tó di ewu. Níbi tí àwọn wọ̀nyí kò bá sí, ọmọ kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí kejì ni ìṣílọ. Láti ìgbà Bassey ni ọ̀nà ọlá ti gba òkè òkun kọjá. Samuel Peter, tí ó gba igbá orókè àgbáyé fún àwọn oníwọ̀n wíwúwo lọ́dún 2008, kò jà á nílé. Eré tí àwọn akọni rẹ̀ kò sí nítòsí máa ń dàbí ìtàn ìlú mìíràn létí ọmọdé.

Ìdí kẹta ni bí a ti gbé ohun gbogbo lé ìjọba lọ́wọ́. Láti ọdún 1973 tí Ìdíje Eré Ìdárayá ti Orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ a máa kó akànṣẹ́ jọ nígbà tí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a sì tú u ká nígbà tí ó bá parí. Ìpínlẹ̀ Ògùn gba ìdíje náà ní àlejò lọ́dún 2006 àti lọ́dún 2025. Irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ wúlò, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹgbẹ́ tí ó ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ jálẹ̀ ọdún.

Ìdí kẹrin ni ojú tí àwọn òbí fi ń wo eré náà. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, akànṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ìpáǹle. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ó ń kàwé kò fẹ́ kí ó fi ọwọ́ kàn án.

Finchley àti Bukom: Àpẹẹrẹ Méjì

Àpẹẹrẹ méjì fi hàn pé ẹgbẹ́ àdúgbò ni kókó ọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti Anthony Joshua. Ṣàgámù ni ìdílé rẹ̀ ti wá, ó sì gbé ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́ ni ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ti bá a pàdé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ akànṣẹ́ àdúgbò kan ní Finchley, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 2007. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó gba wúrà Òlíḿpíìkì fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Òlíḿpíìkì yẹn kan náà, Nàìjíríà kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí ní Finchley ni ó fa ìyàtọ̀.

Èkejì ni Bukom, àdúgbò àwọn apẹja ní Accra. Kò lọ́rọ̀ ju Mùṣin tàbí Ajégúnlẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti àdúgbò náà àti àyíká rẹ̀ ni David Kotei ti jáde, tí ó di igbá orókè àgbáyé mú lọ́dún 1975, àti Azumah Nelson lọ́dún 1984, àti Ike Quartey lọ́dún 1994. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021, Samuel Takyi gba idẹ fún Ghana. Bọ́ọ̀lù Yúróòpù ń wọ Accra bí ó ti ń wọ Èkó. Síbẹ̀, ní Bukom, ọmọdé kò nílò láti rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án.

Ní Nàìjíríà náà, iná kò tíì kú pátápátá. Ní Rowe Park ní Yàbá àti ní inú pápá ìṣeré Sùúrùlérè, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń kọ́ ìjà. Láti ọdún 2014 ni ìdíje GOtv Boxing Night ti fún àwọn akànṣẹ́ ilé ní agbo tí wọn yóò ti jà lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn obìnrin pẹ̀lú ti jáde. Edith Ogoke ṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012, nígbà tí Òlíḿpíìkì kọ́kọ́ gba àwọn obìnrin láàyè nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ní Birmingham lọ́dún 2022, Cynthia Ogunsemilore àti Elizabeth Oshoba gba idẹ ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ Ewu

Kò tọ́ kí iṣẹ́ tí ó ń gbèrò ìsọjí pa ọ̀rọ̀ ewu mọ́lẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó bá ń ba orí léraléra a máa ba ọpọlọ jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pè fún ìfòfindè eré náà láti àwọn ọdún 1980. Maiyegun fúnra rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀ láìríran. Òbí tí ó bá kọ̀ kí ọmọ rẹ̀ jà kì í ṣe òpè.

Ìdáhùn sí ẹ̀rù yìí ni pé kí a ya ìkọ́ni sọ́tọ̀ kúrò lára ìjà. Eré sísá, okùn fífò, gbígbé ẹsẹ̀, lílu àpò iyanrìn, yíyẹ ẹ̀ṣẹ́: gbogbo èyí ni ọmọ lè kọ́ fún ọdún púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí rẹ̀. Ìjà gidi wà fún àwọn tí ó ti dàgbà tó, tí òbí wọn fọwọ́ sí i, tí oníṣègùn sì yẹ̀ wò. Níbi tí kò bá sí oníṣègùn, kí ìjà má ṣe wáyé. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó bá kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu ní kékeré kì í sáré jà ní ìgboro.

Ọ̀nà Ìsọjí ní Ẹkùn Yewa

Ó lè dà bí ẹni pé ẹkùn ẹnubodè jìnnà sí ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ti le jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún fi òfin de gbígbé epo lọ sí àwọn ilé epo tí kò jìnnà ju kìlómítà 20 lọ sí ẹnubodè. Ọdún 2022 ni wọ́n tó kéde pé kí Ìdí-Ìrókò ṣí padà. Ọ̀dọ́ tí òwò rẹ̀ dúró, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì ní ibi tí yóò lo agbára rẹ̀ sí, fàyàwọ́ kò ní í pẹ́ pè é. Ẹgbẹ́ akànṣẹ́ kò lè dípò iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè fún ọ̀dọ́ ní àkókò tí ó ní ètò, ní àgbà tí yóò máa bi í léèrè, àti ní orúkọ rere tí yóò fẹ́ dáàbò bò.

Ohun márùn-ún ni iṣẹ́ yìí dá lábàá. Àkọ́kọ́, kí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́. Ilẹ̀ títẹ́jú, okùn, àpò tí a rọ iyanrìn àti àkísà sí, àti ìbọ̀wọ́ méjì mẹ́ta tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì, kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni fi ìkọ́ni ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìtọ́jú pàjáwìrì àti bí a ti ń dá ìpalára orí mọ̀ kún ẹ̀kọ́ ìmárale. Olùkọ́ tí kò mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gbọdọ̀ kó ọmọ wọ agbo.

Ẹ̀kẹta, kí ìdíje ọdọọdún wà láàrin Ìlaròó, Ayétòrò, Ìpókíá, Ìdí-Ìrókò àti Àgọ́sásà, kí wọ́n sì ṣe é ní ìgbà ọdún ìbílẹ̀, tí ìlù àti òǹwòran ti wà nílẹ̀. Bí ó bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí wọ́n pe àwọn ará Kétu àti Àjàṣẹ́ ní òdì kejì ààlà. Èdè kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Ẹ̀kẹrin, kí a ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọbìnrin láti ọjọ́ kìíní, nítorí pé ọwọ́ àwọn obìnrin ni àmì-ẹ̀yẹ ti ń jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ẹ̀karùn-ún, kí a kọ́ eré náà ní èdè Yorùbá. Agbo ìjà, abala, ìbọ̀wọ́, akànṣẹ́, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò: àwọn ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu ènìyàn. Kí olùkọ́ èdè àti olùkọ́ ìmárale jùmọ̀ lò wọ́n, kí ìtàn Bassey, Tiger, Rafiu King àti Maiyegun sì wọ inú ìwé kíkà àwọn ọmọ.

Òfin kan gbọ́dọ̀ so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì ní òwúrọ̀ kò ní í wọ ìbọ̀wọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Èyí ni yóò mú kí àwọn òbí fọkàn tán ẹgbẹ́ náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a gbé yẹ̀ wò láti 1949 títí di òní fi hàn pé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn gbilẹ̀ nígbà tí àdúgbò ni ín, ó sì fà sẹ́yìn nígbà tí ó di ti ìjọba àti ti òkè òkun nìkan. Ìjà Ìbàdàn fi hàn bí ògo ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Finchley àti Bukom fi hàn pé níbi tí ẹgbẹ́ bá wà, akọni yóò jáde. Ní ọdún 2025, àjọ Òlíḿpíìkì fọwọ́ sí i pé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn yóò wà ní Los Angeles lọ́dún 2028. Ọmọ tí yóò ṣojú Nàìjíríà ní àwọn ìdíje tí ó tẹ̀lé ìyẹn lè wà ní kíláàsì kan ní Àgọ́sásà báyìí. Ìjọba nìkan kò lè wá a rí, bẹ́ẹ̀ ni òbí tàbí olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè dá a kọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.